Ẹnì Kan Ṣoṣo Nínú Gálárì: Àgbéyẹ̀wò Ìpàtẹ Àdáṣe

Nínú ìpàtẹ tí ayàwòrán mẹ́wàá bá pawọ́ pọ̀ ṣe, iṣẹ́ tó dára a máa bo iṣẹ́ tí kò kúnjú òṣùwọ̀n láṣìírí. Olùwòran á rí àwòrán kan tó wù ú, á dúró díẹ̀, á sì kọjá sí ti ẹlòmíì, kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn tún lè sọ. Ìpàtẹ àdáṣe kò fún ẹnikẹ́ni ní ibi ìsápamọ́ sí. Ogiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ kan. Bí ayàwòrán bá ní èrò kan ṣoṣo tó ń yí ká, a ó ti mọ̀ ní àwòrán kẹta. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jinlẹ̀, àwòrán kẹjọ á mú wa padà lọ wo ìkíní.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí gálárì tó ń tajà ń ṣe fún irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ àti ohun tó ń ṣe sí i. Ilé ìtajà ni, ó ní owó ilé láti san, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń retí owó oṣù. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé irú gálárì bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí ìjọba kò ṣe fún àwọn ayàwòrán wa láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Owó tí wọ́n ń gbà kò bà mí lẹ́rù. Ìkánjú ló ń bà mí lẹ́rù.

Kí gálárì tó dé, ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ló ń lọ bá oníṣẹ́ ọnà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ṣiṣẹ́ fún ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ náà ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní 1924. British Museum ló sì wà títí di òní. Ọba ti mọ ohun tó fẹ́ kí irin tó kan igi, oúnjẹ oníṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀. Gálárì da ètò yẹn rú. Lóde òní, oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tán láìmọ ẹni tí yóò rà á, lẹ́yìn náà ni alágbàtà á wá oníbàárà. Òmìnira ńlá ni, ebi sì lè bá a rìn.

Láàárín ààfin àti gálárì, àwọn ibòmíràn wà. Ní 1958 Afi Ekong ṣe ìpàtẹ àdáṣe ní Èkó, òun sì ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀ nílùú náà. Nígbà tó yá, ó dá gálárì tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, Mbari Mbayọ̀ sì tẹ̀lé e ní Òṣogbo ní 1962, nílé Dúró Ládípọ̀. Àwọn ilé àṣà tí ìjọba òkèèrè dá sílẹ̀ ní Èkó àti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì náà gba àwòrán sára ogiri wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á bá ayàwòrán dúnàá-dúrà lójúkojú. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa ìpàtẹ tí yóò tẹ̀lé èyí, tàbí bí iye owó yóò ṣe máa gòkè lọ́dún márùn-ún sí i. Èyí ni gálárì òde òní mú wá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ gálárì ní alẹ́ ìṣíde kò mọ̀ pé ọjà lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó dé.

Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú, gálárì àti ayàwòrán á fohùn ṣọ̀kan lórí àkókò. Gálárì kì í sábà fi owó ra àwọn iṣẹ́ náà. Ó ń gbà wọ́n tà ni, owó tó bá sì wọlé, wọn á pín in. Ìdajì-ìdajì ló wọ́pọ̀ jù ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Làdá tó tó ìdajì lè ya ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú ìdajì yẹn ni owó ilé wà, àti iná, àti ẹni tó ya fọ́tò, àti ìwé ìpàtẹ, àti ọkọ̀ tó gbé àwòrán láti ilé iṣẹ́ ayàwòrán, àti ìnáwó alẹ́ ìṣíde, àti oṣù tí ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń ráhùn pé ìrẹ́jẹ ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, àyàfi níbi tí gálárì bá ti gba ìdajì láìṣe ìkankan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Irú wọn sì wà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìṣíde, gálárì á fi fọ́tò gbogbo iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà pàtàkì àti àwọn mùsíọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá wù á ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀kan dání. Nítorí náà, àmì pupa róbótó tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti parí lórí fóònù. Iye owó kì í sábà sí lára ogiri. Inú ìwé kan ló wà lórí tábìlì, tàbí kí ẹ béèrè. Kì í sì í ṣe bí àwòrán ti dára tó ni wọ́n fi ń díye lé e. Bí ó ti tóbi tó ni wọ́n ń wò, àti ohun tó fi kánfáàsì tàbí bébà ṣe, àti bí ìpàtẹ tó kọjá ṣe tà sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà tán, èyí tó ń bọ̀ á gbówó lé. Gálárì kì í fẹ́ kí iye náà já wálẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹni tó rà á lọ́wọ́n ní ọdún tó kọjá á bínú. Àkàbà tí a kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìkánjú ti ń wọlé. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ń tà ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó tún mú òmíràn wá, irú èyí tó kọjá gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àwọ̀ yẹn, pẹ̀lú ojú yẹn. Láàárín ọdún méjì, ìpàtẹ rẹ̀ lè ti wáyé nílùú mẹ́rin, kí olùwòran tó bá rí ìkíní sì má nílò àtirí ìkẹrin.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ nípa sùúrù ni ti Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, tó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà. Gálárì Jack Shainman ní New York fún un ní ìpàtẹ àdáṣe ní 2011. Báírò dúdú ló fi ń yàwòrán nígbà náà, ìlà lórí ìlà, títí awọ ara ènìyàn á fi máa dán lórí bébà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìbá ní kó máa ya báírò lọ. Ìpàtẹ mìíràn wáyé ní 2013, òmíràn ní 2014, òmíràn ní 2015, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí padà: ẹ̀dú wọlé, pásítẹ̀lì wọlé, àwọ̀ oríṣiríṣi wọlé. Nígbà tó fi máa di 2018, tó ṣe When Legends Die ní gálárì kan náà, ó ti dá odindi ìtàn sílẹ̀ nípa ìdílé ọlọ́lá méjì ní Nàìjíríà, UmuEze Amara àti Obafemi, tí ọkùnrin méjì, ọ̀kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan, fi ìgbéyàwó so pọ̀. Kò pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ya àwọn àwòrán náà. Akọ̀wé lábẹ́ àwọn ìdílé yìí ló fi ara rẹ̀ pè, ẹni tó kàn ń bá wọn kó àwòrán wọn jáde fún aráyé wò.

Bí ẹ bá rí àwòrán kan péré nínú wọn, ènìyàn tó wọ aṣọ olówó, tó sì fara balẹ̀ jókòó, ni ẹ ó rí. Kí ìtàn náà tó yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ rìn láàárín wọn: ta ló jókòó, ta ló dúró, nínú ilé ta ni, ta ni wọn kò yà rárá. Nàìjíríà tó yà níbẹ̀ kò rí ẹni kó o lẹ́rú, kò sì rí ẹni jọba lé e lórí láti òkè òkun. Ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí a mọ̀, kò kọ ọ́ sára ogiri. Irú iṣẹ́ báyìí kò lè dúró nínú ìpàtẹ ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Kò sì lè jáde láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń sáré lé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn kan wà tí eré sísá kò pa lára. Jade Fadojutimi, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993 fún òbí tó wá láti Nàìjíríà, ṣe ìpàtẹ àdáṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gálárì Pippy Houldsworth ní 2017, ọdún tó jáde ní Royal College of Art. Ní 2019 mùsíọ́ọ̀mù Tate ti ra iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí nígbà náà nínú àwọn ayàwòrán tí Tate kó jọ. Ní 2022 ó ti wà lọ́dọ̀ gálárì ńlá Gagosian. Àwọ̀ ló ń fi sọ̀rọ̀, kánfáàsì rẹ̀ tóbi, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kò tíì fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Irú rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ti gbàǹjo, ọ̀rọ̀ Amoako Boafo ará Gánà ni gbogbo gálárì ń rántí. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwòrán rẹ̀, The Lemon Bathing Suit, tó yà ní 2019, dé orí gbàǹjo Phillips ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fojú bu iye rẹ̀ sí £30,000 sí £50,000. £675,000 ló tà. Ọwọ́ ẹni tó gbé e wá sí gbàǹjo ni èrè bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí. Fún ọ̀dọ́ tí ìpàtẹ rẹ̀ kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, iye bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù: àwọn tó ń rà kìkì láti tún un tà á rọ́ dé, bí iye náà bá sì já lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọn á ní ayàwòrán náà ti tán. Ìdí nìyí tí gálárì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń wádìí ẹni tó fẹ́ rà, tí àwọn mìíràn sì ń mú kí oníbàárà fọwọ́ síwèé pé òun kò ní gbé e lọ sí gbàǹjo fún ọdún mélòó kan. Àwọn kan ka èyí sí ìgbéraga. Ààbò ni mo kà á sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin láti 2006 tó ń fún ayàwòrán ní ìpín díẹ̀ nígbàkígbà tí oníṣòwò tàbí ilé gbàǹjo bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà: ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún iye tó kéré, kò sì lè kọjá £12,500 lórí àwòrán kan láéláé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, owó kékeré ni. Njideka Akunyili Crosby, ọmọ Enugu, rí i tí ilé gbàǹjo Christie's ta ọ̀kan nínú The Beautyful Ones rẹ̀ ní nǹkan bíi £2.5 mílíọ̀nù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017. Kò yára sí i nítorí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, iṣẹ́ tó ń jáde lọ́dún kò pọ̀, gálárì Victoria Miro sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ogiri ibi ìpàtẹ rẹ̀ kì í kún, ẹ sì lè dúró níwájú àwòrán kan fún ìgbà pípẹ́ kí fọ́tò kékeré tó tẹ̀ mọ́ inú aṣọ, ara ògiri àti ilẹ̀ tó yọjú sí yín tán.

Ó tó kí n bọ́ sí Èkó.

Adenrele Sonariwo dá gálárì Rele sílẹ̀ ní 2015, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó sì wà lára àwọn tó ṣètò ìkópa Nàìjíríà ní ìpàtẹ àgbáyé ti Venice. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Rele ni pé wọ́n ń gbé ìpàtẹ àdáṣe lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kí ẹlòmíì tó mọ orúkọ wọn. Ní 2020 Tonia Nneji ṣe You May Enter níbẹ̀: ara obìnrin tí aṣọ bò, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, títí a ò fi mọ̀ bóyá aṣọ náà ń dáàbò bò ó ni tàbí ó ń fún un lọ́rùn. Ìrírí rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn tó ń bá ilé ẹyin obìnrin jà, tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Chidinma Nnoli ṣe To Wander Untamed. Nígbà tí Rele ṣí ẹ̀ka ní Los Angeles ní 2021, àwọn méjèèjì àti Marcellina Akpojotor, tó ń fi àjákù aṣọ àǹkárá ṣe àwòrán ènìyàn, ni wọ́n fi ṣí i, wọ́n sì pe ìpàtẹ náà ní Orita Meta. Gálárì Èkó gbé àwọn obìnrin mẹ́ta láti ilé lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà kan rí, òkèèrè ni wọ́n ti ń wá mú wọn lọ.

Ìrìn náà ń wá láti ìhà kejì pẹ̀lú. Tiwani Contemporary, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2011, ṣí ilé ní Victoria Island ní 2022 pẹ̀lú ìpàtẹ àdáṣe Joy Labinjo, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù ìdílé rẹ̀ jẹ́ orísun ọ̀pọ̀ àwòrán tó sọ ọ́ di olókìkí. Kavita Chellaram, tó ti ń ṣe gbàǹjo Arthouse láti 2008, ṣí gálárì tí wọ́n ń pè ní kó ní Ìkòyí ní 2020. Ilé àṣà Terra Kulture ti wà láti 2003. Nike Art Gallery ní Lẹ́kí gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: ilé alájà púpọ̀ tó kún fún iṣẹ́ àìmọye ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ayọ̀ ńlá ni láti rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkàn oníṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo á ní láti lọ síbòmíràn.

Nínú gbogbo àwọn tó ń pàtẹ báyìí, Nengi Omuku ló ń mú mi dúró pẹ́ jù. Sányán ló fi ń ṣe kánfáàsì. Àwọn tó mọ aṣọ òkè mọ ohun tí èyí jẹ́: òwú tí kòkòrò inú igbó ṣe, tí wọ́n ran, tí wọ́n hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, aṣọ tí àwọn baba wa kà sí olórí aṣọ. Omuku kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ìhà Niger Delta ni wọ́n bí i sí, iléèwé ọnà Slade ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí nínú aṣọ yìí ohun tí àwa tí a jogún rẹ̀ kò rí. Ó ń so àwọn ìlà aṣọ náà pọ̀, ó ń kun ọ̀dà olóróró sí i, ó sì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú igbó àti ọgbà, tí ojú wọn ń parẹ́ mọ́ àwọ̀ ewéko. Àwọn kan lára àwòrán náà a rọ̀ láìní férémù, ojú rírán á hàn, ètí aṣọ á hàn. Ní ìpàtẹ rẹ̀ Parables of Joy, ní gálárì Kristin Hjellegjerde ní 2022, àti èyí tó tẹ̀lé e ní Hastings Contemporary, ẹni tó bá sún mọ́ iṣẹ́ náà á rí i pé ọ̀dà kò borí aṣọ. Aṣọ náà ń bá a jà díẹ̀. Ìjà yẹn ni mo ń wò. Ẹni tó hun ún kò sí nínú àkọlé, mo sì rò pé ó yẹ kí gálárì kọ orúkọ ìlú tí aṣọ ti wá, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Ní Porto-Novo, Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin, ń fi kẹ́ẹ̀gì ṣe agọ̀, irú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé epo bẹntiróò fàyàwọ́ láti Nàìjíríà lórí alùpùpù. October Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ti pàtẹ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agọ̀ kan rọrùn láti tà, ó wọ ara ògiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni náà ló tún to 304 irú agọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ẹrú nínú La Bouche du Roi, tí British Museum pàtẹ ní 2007, tí wọ́n sì rà. Agọ̀ tó ń tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ kó lè fi ọdún púpọ̀ ṣe èyí tí pálọ̀ ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Bí owó gálárì bá ń ṣe irú èyí, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Ohun kan ń dùn mí, pé ìpàtẹ a máa tú ká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, iṣẹ́ tí a ṣe kí wọ́n lè jọ wà pọ̀ á gba ilé mẹ́wàá lọ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì ní pàdé mọ́. A mọ ohun tí ayàwòrán Àìná Onábolú rò nípa iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣe ìpàtẹ ní Èkó ní 1920 nítorí pé ó tẹ ìwé pélébé kan jáde nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpàtẹ tó wáyé ní Èkó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kò fi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; fọ́tò orí Instagram ló kù. Mo ń bẹ àwọn onígálárì pé kí wọ́n tẹ ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ olójú ewé méjìlá, kí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é wà níbẹ̀, kí ẹnì kan tó ní làákàyè sì kọ àròkọ sí i láìfi ìyìn kún ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà gálárì tún ń dùn mí. Àwọn gálárì wọ̀nyí kì í sábà gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí jìnnà sí Agége àti Ìkòròdú, ọmọ iléèwé kò sì mọ̀ pé òun lè kọjá ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì. Ó lè kọjá. Kò pọn dandan kó ra nǹkan kan. Bí olùkọ́ iléèwé girama kan bá kó kíláàsì rẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gálárì á ṣófo nígbà yẹn, wọn á sì gbà wọ́n.

Nípa ibi tí iṣẹ́ ń lọ lẹ́yìn títà, ọ̀nà kan ti ṣí. Ní 2019 mùsíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon ṣí ní Pan-Atlantic University, lójú ọ̀nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lórí ẹ̀bùn ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ tí Ọmọọba Shyllon fún wọn. Àwọn gálárì Lọ́ńdọ̀nù àti New York máa ń dín owó fún mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń fi àwòrán dání fún un kí wọ́n tó tà á fún olówó. Kí gálárì Èkó náà ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ nínú ìpàtẹ àdáṣe kọ̀ọ̀kan fún mùsíọ́ọ̀mù tó wà nílé, kí wọ́n yàn án kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kankan, kó sì jẹ́ èyí tó dára jù lọ nínú yàrá náà.